Ẹni Tí Kò Lè San Án Padà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹlẹ́dàá gbogbo ayé, Ẹni tí ń pèsè arísìkí fún ẹni tí ó mọ̀ Ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ Ọ́n. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ísílààmù, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin ẹnu tọmọdé tàgbà ní agbègbè wa. Bí a bá dé ọjà Èjìgbò, a ó gbọ́ ọ. Bí a bá wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, a ó gbọ́ ọ. Bí a bá yà sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn tàbí Masífà, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Kí oníkálùkù máa gbọ́ tara rẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ ti fi ìbéèrè kan tì í lẹ́yìn: "Ta ló ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ìyà ń jẹ mí?" Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ẹ̀sìn nìkan ni ó ń sọ ọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán, tí iyanrìn ìforíkanlẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀, ń sọ ọ́ bí ó ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà ni a kò fi lè dákẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ahun ni a fẹ́ bá wí. Ahun kò pọ̀ ní ìlú wa. Bí ìnáwó bá dé, owó ń jáde. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n tí kì í na ọwọ́ náà àfi sí ibi tí nǹkan yóò ti padà wá bá a. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé ọlọ́rẹ ni òun. Àwa sọ pé oníṣòwò ni.

OORE NI TÀBÍ ÒWÒ?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ara wa wò. Nígbà tí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, ẹnìkan a jókòó sí igun kan pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, yóò máa kọ orúkọ ẹni tí ó mú nǹkan wá àti iye tí ó mú wá. Nítorí kí ni? Nítorí kí á lè mọ iye tí a ó gbé lọ nígbà tí tirẹ̀ bá dé ni. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé náà, a kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a rà aṣọ ẹbí rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ ra tiwa. Bí kò bá rà á, ọ̀rọ̀ di ti yànpọnyánrin. Ẹ wo ibi ìkówójọ tí a ń pè ní lọ́ńṣìn. Alága ìjókòó a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké sí baba olówó, baba olówó a dìde pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn, ìlù a dún, wọn a kéde iye owó lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ àbúrò baba olówó náà ń bẹ nílé, wọ́n lé e ní iléèwé nítorí owó ìdánwò. Owó ìdánwò kò ní gbohùngbohùn, nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó san án. Kí á má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti olóṣèlú tí ó gbé ìrẹsì wá ní oṣù ìdìbò. Gbogbo ayé mọ ohun tí ó wá rà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé ìnáwó jẹ́ èèwọ̀, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sàráà han aráyé. Ọlọ́hun fún ra Rẹ̀ jẹ́ kí ó yé wa nínú Súrà Al-Bákárà, áyà 271, pé sàráà gbangba dára, ṣùgbọ́n pé èyí tí a fi pamọ́ tí a sì gbé fún aláìní ló dára jù fún wa. Àmọ́ ní áyà 264 nínú Súrà kan náà, Ó kìlọ̀ fún ẹni tí ń náwó nítorí kí ènìyàn lè rí i. Ó fi oore rẹ̀ wé erùpẹ̀ díẹ̀ tí ó wà lórí àpáta, tí òjò ńlá rọ̀ sí, tí ó wá ku àpáta lásán. Ẹ wo bí òjò wa ṣe ń rọ̀ ní agbègbè yìí. Ó yẹ kí àpèjúwe yẹn yé wa ju àwọn ará aṣálẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní èésú. Ohun rere ni. Lónìí a ó ro oko tèmi, lọ́la a ó ro tìrẹ. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn méjì tí òwe yẹn ń bá wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọwọ́ tí ó wúlò fún ẹnìkejì. Ẹni tí kò ní ọwọ́ tí a lè lò ńkọ́? Opó tí kò ní oko tí yóò fi bá wa dá àáró ńkọ́? Ọmọ òrukàn ńkọ́? Àjèjì tí yóò kọjá lọ lọ́la, tí a kò ní rí mọ́ láéláé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ìyàtọ̀ láàrin mùmíní àti ẹni tí ó kàn mọ ìṣirò.

ỌMỌ ÀTÌPÓ NI WÁ

Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, àwọn tí wọ́n ṣí lọ fi ilé àti ọjà wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ wọn bá dé. Ànábì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onílé ní ọmọ ìyá. Saad ọmọ Rabii ni ó so pọ̀ mọ́ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Saad sọ fún àlejò rẹ̀ pé òun wà lára àwọn tí ó lówó jù ní ìlú, pé kí ó wá gba ìdajì dúkìá òun. Abdur-Rahman ṣe àdúrà fún un, ó ní kí ó kàn fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó lọ sí ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta wàrà àti òrí rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi dá dúró. Ẹni tí ó fi nǹkan lélẹ̀ kò bèèrè èlé, ẹni tí wọ́n fi lọ̀ kò sì sọ ara rẹ̀ di àfòmọ́. Irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ni Súrà Al-Hashr, áyà 9, yìn pé wọ́n fi ẹlòmíràn ṣíwájú ara wọn nígbà tí àwọn gan-an kò ní tó.

Àwa ọmọ Èjìgbò ló yẹ kí ìtàn yìí yé jù, nítorí ọmọ àtìpó ni wá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ènìyàn wa ti ń rìn lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n gba Dahomey kọjá, èyí tí ó ń jẹ́ Benin báyìí. Wọ́n gba Tógò. Wọ́n gba ilẹ̀ tí ó di Gánà ní ọdún 1957, títí wọ́n fi dé Côte d'Ivoire. Lónìí, ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, èdè Faransé ń dún ní ọjà wa, a sì ń ná owó séfà bí ẹni ń ná náírà.

Ta ni ó gba àwọn ará ìṣáájú sílé? Kì í ṣe ìjọba Faransé. Ẹni tí ó ti dé ṣáájú ni. Ó lè jẹ́ yàrá kan péré ni ó ní ní Treichville tàbí Adjamé, yóò tẹ́ ẹní fún ọmọ ìlú rẹ̀ sí i. Yóò fún un ní oúnjẹ, yóò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ka owó ní èdè ibẹ̀, yóò sì gbé ọjà àwìn lé e lórí láìní onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó gba ọjà yẹn lè sá lọ. Ó lè kú. Ẹni tí ó fún un mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fún un síbẹ̀. Bí ìwọ tí ò ń kà ìwé yìí bá ní baba tàbí ìyá àgbà tí ó ṣe àjò Abidjan là, lọ bèèrè ilé ẹni tí ó kọ́kọ́ sùn sí. Orúkọ ènìyàn kan ni yóò dá ọ lóhùn.

Nígbà tí ayé sì dojú rú, irú ìwà bẹ́ẹ̀ náà ló kó wa yọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àìmọye Yorùbá fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ ní Côte d'Ivoire. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ìjà tún bẹ́ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2011, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta (3,000) ènìyàn sì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sá padà wálé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Ilé àwọn ẹbí tí wọn kò ní tó ni wọ́n wọ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó fi gbohùngbohùn kéde ìyẹn.

Kí á má sì tan ara wa: orílẹ̀-èdè wa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ará Gánà. Orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wà lẹ́nu wa títí di òní, a sì ń pè é bí ẹni ń ṣe àwàdà. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà àtìpó, tí kò wá ṣàánú àtìpó, kí ni ìyà náà kọ́ ọ?

OORE TÍ Ó NÍ ÌWỌ̀ NÍNÚ

Ohun tí ó burú ju ahun lọ ni oore tí ó ní ìwọ̀ nínú bí ìdẹ apẹja. Ọ̀nà kan náà tí àwọn bàbá wa fi ń gba ara wọn sílé ni àwọn kan ti sọ di pàkúté báyìí. Wọn a wá bá ìyá tí kò ní, wọn a ní, "Ẹ fún mi ní ọmọ yín, n ó mú un lọ síbi iṣẹ́ gidi." Ìyá a máa dúpẹ́, a tilẹ̀ máa kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ọmọ náà a di ẹrú tí ń tajà láti òwúrọ̀ di òru, tàbí ohun tí ẹnu wa kò lè sọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, àjọ NAPTIP, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, kéde pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) ọmọbìnrin Nàìjíríà ni wọ́n ti tàn lọ sí orílẹ̀-èdè Mali. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìdálẹ̀ ni oníjìbìtì. Ọ̀pọ̀ ló ti fi bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ aláìní di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó máa ń ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára tọ̀hún: ta ni èrè ìrìn-àjò náà wà fún? Bí ó bá jẹ́ ọmọ náà ni, a ó rí i ní iléèwé tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, yóò sì máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bèèrè. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ máa sọ ọ́ nínú wàásù.

FÚN ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÒ SẸ́NI TÓ RÀN WỌ́N LỌ́WỌ́

Àwọn kan yóò ní, "Nǹkan le. Ẹ̀yin kò rí bí ọjà ṣe gbówó lórí ni?" A rí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ilé tí kò gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan, pàápàá fún àwọn tí wọ́n ní ènìyàn ní ìdálẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó séfà sí ìdajì: fánrànkì Faransé kan tí ó jẹ́ séfà 50 di séfà 100. Àwọn ará Abidjan ló sunkún nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là kan, tí ó wà ní nǹkan bí náírà 460, kọjá náírà 1,500 ní ọdún 2024. Séfà so mọ́ owó yúrò ní tirẹ̀, kò wó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye séfà kan náà tí ẹnìkan ń fi ránṣẹ́ sílé tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà.

Ta ló ni àlékún náà? Baba olówó ní, "Orí mi ló ṣe é." Ẹ gbọ́ ná. Ohun tí ó sọ séfà rẹ di ọ̀pọ̀ náírà, òun kan náà ni ó sọ oúnjẹ aládùúgbò rẹ di ọ̀wọ́n. Èrè rẹ àti ebi rẹ̀, inú ikùn kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí o bá wá fi àlékún náà kọ́ ilé alájà kejì tí a óò máa tì pa títí Iléyá yóò fi dé, nígbà tí ọmọ ilé kejì ń sùn láìjẹun, má ṣe pe ìyẹn ní orí rere. Àwọn àgbà ní bí ẹnìkan bá là láàrin òtòṣì mẹ́fà, òun ni òtòṣì keje. Wọ́n tún ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí odi tí ó ga tó láti ya ọlọ́rọ̀ kúrò lára ìyà ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí a kọ̀ láti ràn lọ́wọ́ lónìí ni a ó máa gba ọlọ́dẹ láti lé lọ́la.

Ní ti ẹni tí ó sì ń bèèrè pé ta ló ran òun lọ́wọ́: ta ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọwọ́? Ta ló kọ́ ọ ní Fátíhà? Ìwọ náà ti jẹ gbèsè tí o kò lè san padà. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó ràn ọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́ nígbà ìyà, ìwọ ló yẹ kí o mọ bí ìyẹn ti ń dunni tó.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí gbogbo ilé Mùsùlùmí tí ó bá ka ìwé yìí mú lọ.

Èkíní ni sàká, àgàgà sàká irè oko. Àgbẹ̀ ni wá ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa rò pé sàká wà fún àwọn tí wọ́n ní owó ní báńkì nìkan, ìyẹn ìdá ogójì owó tí ó tó òṣùwọ̀n tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ wa. Ọkà tí òjò nìkan bomi rin, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni sàká. Èyí tí a fi wàhálà àti ìnáwó bomi rin, ìdá ogún. Òṣùwọ̀n tí yóò kọ́kọ́ tó tó nǹkan bíi kílò 650. Àgbẹ̀ tí òjò bomi rin oko rẹ̀, tí ó sì kórè kílò 2,000 àgbàdo, kílò 200 kì í ṣe tirẹ̀. Àpò ẹlẹ́kílò ọgọ́rùn-ún méjì ni. Ẹ̀tọ́ àwọn tí Súrà At-Taoba, áyà 60, ka orúkọ wọn ni, àwọn tálákà ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. Kì í ṣe àánú la ṣe fún wọn, ohun tí ó jẹ́ tiwọn la dá padà.

Èkejì ni omi. Nígbà tí omi ṣọ̀wọ́n ní Mẹ̀dínà, sàábé Uthman ra kànga Ruma, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Lónìí, ẹni tí Ọlọ́hun bùkún fún ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kí ni páìpù kan tí a nà sí ẹ̀yìn odi yóò ná wa? Ẹni tí yóò pọn omi náà kò mọ orúkọ wa, kò sì ní bá wa ra aṣọ ẹbí. Nítorí náà gan-an ni ó fi jẹ́ oore.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ pé ẹ kò lówó: ẹ ní ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń rán jáde láti lọ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí ńkọ́? Láti ọdún 1975 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi tinútinú fún ni láìgbowó. Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Titmuss, ṣe ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1970. Ó fi ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí wọ́n ti ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, wé Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń tà á nígbà náà. Ó fi hàn pé èyí tí wọ́n ń tà ló máa ń ní àrùn nínú jù, nítorí ẹni tí owó ń wá kò ní sọ òtítọ́ nípa àìsàn ara rẹ̀. Ẹ ò rí i? Àní nínú ìmọ̀ ìṣègùn, oore tí kò retí owó ló mọ́ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ti pé ọdún 18, tí ó sì wọn kílò 50 lè fún ni. Wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n máa ń gbà, ọkùnrin lè tún fún ni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Súrà Al-Máídà, áyà 32, jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Kí ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ń dúró dè?

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe máa wo ilẹ̀ ayé yìí nìkan fún ilẹ̀ tútù náà. Súrà Al-Insan, áyà 8 àti 9, ròyìn àwọn kan tí wọ́n fún tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹlẹ́wọ̀n ní oúnjẹ tí àwọn fún ra wọn fẹ́ràn, tí wọn kò sì bèèrè ẹ̀san tàbí ọpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́hun sì pe irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yáwó tí a yá Òun. Ẹni tí kò lè san án padà, Ọlọ́hun ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò ní onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, tí yóò tún máa wá ti ìwé àti kálàmù ní igun ibi ìnáwó?

Kí Ọlọ́hun wẹ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ìmọtara-ẹni-nìkan. Kí Ó fi ilé àánú rọ́pò ilé tí àwọn bàbá àti ìyá wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba àlejò ní ìdálẹ̀, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí àwa jẹ́ ọmọ tí yóò ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí. Àmín.